Ike Omi Kẹta

Nígbà tí àrùn kòrónà dé, tí ìjọba ní kí oníkálukú jókòó sílé kó sì máa fọwọ́ ní gbogbo ìgbà, gbogbo ayé wá bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe ohun tí mo fi ọdún méjì gbáko kọ́ láti má ṣe.

Àìsàn kan tó ń da ọkàn èèyàn láàmú ló ń yọ mí lẹ́nu. Á máa sọ fún mi pé ọwọ́ mi ò mọ́, èmi náà á máa fọ̀ ọ́ títí awọ á fi bó. Nọ́ọ̀sì tó ń tọ́jú mi ló kọ́ mi pé bó bá ti sọ̀rọ̀, kí n má dá a lóhùn. Kí n kọ́kọ́ parí iṣẹ́ tó wà níwájú mi. Télọ̀ ni mí. Télọ̀ tí ọwọ́ ẹ̀ ń ṣẹ̀jẹ̀ ò lè rán aṣọ funfun, igba ìbòmú funfun sì ni ilé ìwòsàn ní kí n rán kí ọ̀sẹ̀ tó parí.

Káfíńtà ni bàbá mi. Iṣẹ́ ti dáwọ́ dúró, wọn ò sì mọ bí wọ́n ṣe ń jókòó lásán. Wọ́n kan àga gíga mẹ́ta, wọ́n gbé ike omi lé wọn lórí, wọ́n fi pákó kékeré kan sísàlẹ̀ téèyàn á fẹsẹ̀ tẹ̀ kómi tó ṣàn. Wọ́n gbé ọ̀kan sẹ́nu ọ̀nà, ọ̀kan sílé ìdáná. Ẹ̀kẹta, èyí tó dán jù, ẹ̀gbẹ́ maṣíìnì mi ni wọ́n gbé e sí.

"Tìẹ rèé, Abẹ́rẹ́." Orúkọ tí wọ́n fi ń ṣẹ̀fẹ̀ pè mí nìyẹn. "Ọmọdé tó bá mọwọ́ wẹ̀, á bá àgbà jẹun."

"Ẹ ṣé, Bàbá." Kí ni ǹ bá tún sọ? Wọ́n gbé ọtí ka ọ̀mùtí mọ́lé, wọ́n tún ní kó dúpẹ́.

Lọ́jọ́ kẹrin tí mo ti tún ń fọwọ́ ṣáá, ẹ̀jẹ̀ ọwọ́ mi ta sára ìbòmú mẹ́ta. Inú bí mi débi pé mo sunkún. Wọ́n ti ti ilé ìtọ́jú tí mo ti máa ń rí nọ́ọ̀sì mi, mo bá pè é lórí fóònù.

"Ṣé bàbá ẹ mọ̀?"

"Wọ́n rò pé àìsàn náà ti lọ pátápátá."

"Lọ sọ fún wọn báyìí. Mi ò ní pa fóònù."

Mo fi fóònù sápò láìpa á, mo kó ìbòmú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta lọ bá Bàbá níbi tí wọ́n ti ń fá pákó.

"Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbé ike omi yẹn kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi. Àìsàn yẹn ò tíì lọ. Ẹ̀ẹ̀kan ni mo fẹ́ máa fọwọ́ kí n tó jẹun, bíi ti gbogbo èèyàn. Mi ò ní jẹ́ kó gba ọwọ́ mi mọ́."

Wọ́n wo ọwọ́ mi pẹ́. "Èmi ni mo sì fọwọ́ ara mi gbé e síbẹ̀," wọ́n ní.

"Ẹ ò mọ̀ ni, Bàbá."

Wọ́n mú ayùn àti òòlù. Kó tó di ọ̀sán, wọ́n ti gbé ike omi náà kúrò, wọ́n ti gé àga gíga rẹ̀ di àpótí ìjókòó, wọ́n jókòó tì mí, wọ́n ń bá mi gé okùn ìbòmú. Àìsàn náà sọ̀rọ̀. Ẹsẹ̀ mi ń wá pákó tí mo máa ń tẹ̀ kómi lè ṣàn. Mo gbé ẹsẹ̀ náà lé ibi ìtẹ̀ maṣíìnì, mo sì fi rán ìbòmú kan parí, lẹ́yìn náà òmíràn.

Nígbà tí oúnjẹ ọ̀sán yá, mo fọwọ́ lẹ́ẹ̀kan. Ọkàn mi ní kò tíì mọ́. Mo jókòó bẹ́ẹ̀, mo bu búrẹ́dì. Bàbá náà fọwọ́, wọ́n jókòó, àmọ́ bí rédíò ṣe tún ń ka iye àwọn tó kó àrùn náà, wọ́n dìde, wọ́n tún forí lé ibi omi.

Mo ní, "Bàbá, ẹ̀ẹ̀kan ti tó. Ẹ wá jẹun."