Ìgbákọ Ẹ̀gbọ́n

Nígbà tí àwọn dókítà gé àpò ikùn télọ̀ kan kúrò nítorí jẹjẹrẹ, gbogbo ẹbí rẹ̀ ló gbọ́. Ẹnì kan ṣoṣo tí etí rẹ̀ di ni ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin, bẹ́ẹ̀ òun ló jókòó sẹ́nu ọ̀nà yàrá iṣẹ́ abẹ láti àárọ̀ ṣúlẹ̀. Iléèwé ló ti ń dáná láti ìgbà èwe rẹ̀. Bù-sí-i làwọn ọmọ ibẹ̀ ń pè é. Ta ló fẹ́ sọ fún irú obìnrin bẹ́ẹ̀ pé èèyàn lè wà láàyè láìní ibi tí wọ́n ń bu oúnjẹ sí?

Nígbà tí télọ̀ ti ilé ìwòsàn dé, Bù-sí-i kó ẹrù wá sílé rẹ̀, tòun ti ìgbákọ. Ó wo ṣòkòtò àbúrò rẹ̀, èyí tí télọ̀ ti fọwọ́ ara rẹ̀ dín kù títí àpò ẹ̀yìn méjèèjì fi fẹ́rẹ̀ẹ́ fẹnu kanra, ó sì kọjú sí ìyàwó.

"Ebi lo fi ń pa ọmọ ìyá mi?"

Ìyàwó fi abọ́ kékeré kan hàn án, bíi ti ọmọ ọwọ́. "Dókítà ní díẹ̀díẹ̀ ni kó máa jẹ, léraléra, mà. Kó má mu omi mọ́ oúnjẹ, kó sì jìnnà sí ohun dídùn."

"Dókítà ló tọ́ àbúrò mi dàgbà ni?"

Ìyá télọ̀ ti kú tipẹ́, ẹ̀gbọ́n yìí ló tọ́ ọ, kò sì tíì sọ "rárá" fún un rí. Ṣùgbọ́n ẹ̀rù ń bà á, nítorí ẹ̀gbọ́n ti ránṣẹ́ pe àwọn àgbà ẹbí: ó fẹ́ kí wọ́n dá ìyàwó padà sílé bàbá rẹ̀, kí òun gbé àbúrò òun lọ.

Lọ́jọ́ Àìkú, àwọn àgbà dé, ikùn wọn ń ṣíwájú wọn wọlé. Bù-sí-i bu ìrẹsì gègèrè, ó po tíì olóyin tì í. "Ẹ wò ó bó ṣe máa jẹun tí wọ́n bá gbé e fún un!"

"Jẹun, ọmọ," ni àgbà kan wí. "Bí ebi bá kúrò nínú ìṣẹ́, ìṣẹ́ bùṣe."

Ojú ń ti télọ̀, ó jẹ ẹ́. Kò pẹ́ tí òógùn fi bò ó, àyà rẹ̀ ń sáré bí ẹ̀rọ ìránṣọ, inú ń lọ́ ọ, ó sì sá wọ ilé ìgbẹ́. Àwọn àgbà gbọ́ ohun tí kò yẹ kí àgbà gbọ́. Ọ̀kan nínú wọn yára yí ohùn rédíò sókè.

"Ẹ ò rí nǹkan!" ni Bù-sí-i pariwo. "Ebi tí ìyàwó rẹ̀ fi ń pa á ló sọ ọ́ dà báyìí!"

Télọ̀ jáde, ó di ara ilẹ̀kùn mú. Inú ń bí i.

"Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ febi sùn kí n lè yó. Mi ò gbàgbé. Àmọ́ àpò tí ẹ ń bu oúnjẹ kún nígbà yẹn, wọ́n ti gé e dànù. Ẹni tó mọ bí mo ṣe ń jẹun báyìí lẹ fẹ́ lé lọ yìí. Tó bá lọ, ebi gan-an ló máa pa mí."

Àgbà tó ti ń na ọwọ́ sí ìrẹsì tó ṣẹ́ kù rọra fà á padà.

Omi bọ́ lójú Bù-sí-i. Ó wọ ilé ìdáná, ó sì gbé abọ́ kékeré náà jáde. Ó fi síbí bu ìrẹsì sí i, ó tún bu díẹ̀ lé e, ọwọ́ rẹ̀ wá dúró.

"Ìyàwó, ṣé kò tíì pọ̀ jù?"

"Ẹ dín in kù díẹ̀, mà."

Bù-sí-i sì dín in kù.