Ìbẹ̀rù Tó Bá Oyún Dàgbà

Láti ìgbà tí ọkọ Mùfúlíátù ti kú ni òun nìkan ti ń gbé ilé wọn ní Yerwa, lókè Ọya. Zakiyyah, ọmọ kan ṣoṣo tó bí, ti wà nílé ọkọ ní Custom, àdúgbò mìíràn nínú ìlú náà, ó sì ti bí ọmọkùnrin kan. Ọmọ náà kì í sùn. Bí ilẹ̀kùn bá dún pẹ́nrẹ́n, á ta gìrì, á figbe ta. Bí Zakiyyah fúnra rẹ̀ ṣe rí lọ́mọ ọwọ́ gan-an nìyẹn, ṣùgbọ́n Mùfúlíátù kò sọ ọ́ fún un rí.

Lọ́sàn-án Jímọ̀ kan, Zakiyyah gbé ọmọ wá.

"Mama, dókítà ní bí ẹ̀rù bá pọ̀ lára aláboyún, họ́mónù tí ẹ̀rù ń tú sínú ẹ̀jẹ̀ lè kan ọmọ inú rẹ̀. Bí ọmọ ọ̀hún bá sì jẹ́ obìnrin, inú oyún yẹn náà ni ẹyin tí yóò fi bímọ lọ́la ti ń wá sí i lára. Kò lè búra pé ìyẹn ló fa ti ọmọ mi, àmọ́ ó ní kí n bi yín. Kí ló ṣẹlẹ̀ nígbà tí ẹ lóyún mi?"

Ẹnikẹ́ni kò bi Mùfúlíátù bẹ́ẹ̀ rí. Lọ́dún tí ìlú dàrú, ọkọ rẹ̀ ti lọ sin ìyá rẹ̀ ní Ìwó. Òun àti oyún ló há sínú ṣọ́ọ̀bù wọn, tí wọ́n ń gbọ́ igbe àwọn tó ń sá, tí èéfín taya ń gba abẹ́ ilẹ̀kùn wọlé. Nígbà tí ọkọ dé, "Alihamudulilahi" ló wí, ó sì kọjá sídìí ọjà rẹ̀.

"Jìnnìjìnnì bò mí," ó bẹ̀rẹ̀.

"Kí ni jìnnìjìnnì, Mama?"

"Tsoro." Hausa tí Zakiyyah gbọ́ jù ló sì fi sọ ìyókù. Ọ̀rọ̀ tó ti dá gbé mì láti bí ogún ọdún, èdè tí kì í ṣe tirẹ̀ ló bá jáde.

Zakiyyah sunkún.

"Ṣé èmi ni mo kó ẹ̀rù yìí bá ọmọ náà?" ìyá rẹ̀ béèrè.

"Rárá o. Dókítà ní kò sí ẹ̀bi ẹnikẹ́ni níbẹ̀, kì í sì í ṣe gbogbo ọmọ ló ń rí bẹ́ẹ̀. Ó ní ká ṣáà máa gbé e mọ́ra."

Mùfúlíátù fẹ́ béèrè pé ta ló gbé òun mọ́ra nígbà náà. Ó gba ọmọ dípò bẹ́ẹ̀, ó tẹ́ ẹ sáyà títí ó fi sùn.

Láti ọjọ́ náà, àràárọ̀ ló ń wọ kẹ̀kẹ́ lọ sí Custom lọ gbé ọmọ náà mọ́ra, ara rẹ̀ sì ń balẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Bó bá di ìrọ̀lẹ́, á padà sí Yerwa, á dá tùwó jẹ.