Omi Ọjọ́ Àbọ̀

"Rúùtù, mo ní mi ò ní da omi kankan. Ṣé etí rẹ di ni?"

Àmọ̀kẹ́ kò gbójú sókè kúrò lára òwú tó ń ran. Ọmọ rẹ̀ kúnlẹ̀ síwájú rẹ̀ ní ẹ̀yìnkùlé wọn ní Ọ̀yọ́, eruku ọ̀nà Ògbómọ̀ṣọ́ ṣì wà lára gèlè rẹ̀. Àníkẹ́, oríkì rẹ̀, ni ìyá yìí máa ń pè é. Bí ó bá ti di Rúùtù, ọ̀rọ̀ ti bẹ́yìn yọ nìyẹn.

"Ìyá mi, ọdún méjì péré ni. Àwọn aboyún ń kú níbẹ̀ nítorí pé wọn ò ní agbẹ̀bí. Ìjọ wa béèrè ẹni tí yóò yọ̀ǹda ara rẹ̀, èmi ni mo dìde."

"Góòlù Kóòsì náà ni?"

"Wọ́n ti yí orúkọ rẹ̀ padà láti èṣí. Gánà ni wọ́n ń pè é báyìí."

"Bí wọ́n bá fún olè lórúkọ tuntun, ṣé yóò dá ohun tó jí padà ni?"

Rúùtù mọ ohun tí olè náà jí. Ọmọ ọdún mẹ́ta ni òun wà nígbà tí bàbá rẹ̀ bá àwọn oníṣòwò lọ sí Kùmásì, tó ní òun ò ní pẹ́. Ó di ọdún mọ́kànlélógún báyìí. Bàbá kò kú o. Ibẹ̀ ló fẹ́yàwó sí, ibẹ̀ ló ń tọ́mọ sí.

Ó padà sí Ògbómọ̀ṣọ́ pẹ̀lú ọkàn tó wúwo, nítorí pé ìjọ Aládùúrà rẹ̀ ní òfin kan. Wọn kì í rán ẹnikẹ́ni lọ sí òkèèrè láìjẹ́ pé òbí rẹ̀ wá síwájú ìjọ, kí ó da omi tútù sílẹ̀, kí ọmọ sì fẹsẹ̀ tẹ omi náà kọjá. Wòlíì Jayéọlá, olórí wọn, kò jẹ́ yẹ òfin yìí nítorí ẹnikẹ́ni.

"Ẹni tí ilé ò rán," ni Wòlíì sọ fún un, "iṣẹ́ ta ló fẹ́ jẹ́? Bí ìyá rẹ ò bá yọ̀ǹda rẹ títí di ọjọ́rú, a ò ní lè rán ọ lọ."

Síbẹ̀, gbogbo ọ̀sẹ̀ yẹn ni àwọn èèyàn fi ń kó ẹrù wá. Ará Ògbómọ̀ṣọ́, bí wọ́n bá fẹ́ràn èèyàn, èlùbọ́ ni wọn yóò fi sọ fún un. Àpò èlùbọ́ pé mọ́kànlá, àfi bí ẹni pé iṣu kì í ta ní Gánà. Ràmọ́tà, tó ń taṣọ ní Ọjà Igbó, kò tilẹ̀ sí nínú ìjọ, Mùsùlùmí ni. Ṣùgbọ́n Rúùtù ló gbẹ̀bí ọmọ rẹ̀ méjèèjì, ó sì gbé ìdì aṣọ funfun kan wá.

"Ẹ fi máa gba ọmọ tuntun, Nọ́ọ̀sì. Ẹ̀sìn tó bá wu ọmọ kó ṣe tó bá dàgbà, ìyẹn kì í ṣe ẹjọ́ agbẹ̀bí. Ìyá ńkọ́? Ṣé wọ́n ti gbà?"

"Wọn ò gbà."

"Ọlọ́hun á tù wọ́n nínú."

Nígbà tí Ràmọ́tà lọ tán, Rúùtù jókòó sórí àpò èlùbọ́ kan, ó sunkún. Ojú tì í láti kó ẹrù olóore padà fún wọn, ó sì ń ro àwọn aboyún tí ń retí rẹ̀. Kò sí agbẹ̀bí mìíràn nínú ìjọ.

Lọ́jọ́rú, wọ́n ti di ẹrù sínú ọkọ̀ níwájú ṣọ́ọ̀ṣì, ìjọ sì ti pé yí i ká. Rúùtù dìde láti sọ pé òun ò lè lọ mọ́. Kò tíì la ẹnu tí mọ́tò kan láti Ọ̀yọ́ fi dúró, tí Àmọ̀kẹ́ sọ̀ kalẹ̀ nínú aṣọ etù rẹ̀ tó dára jù. Ìjọ hó yèè. Wòlíì bu omi sínú ife, ó gbé e fún un.

Àmọ̀kẹ́ fi ọwọ́ méjèèjì gbà á. Ó wo omi náà fún ìgbà díẹ̀. Lẹ́yìn náà ó gbé ife sẹ́nu, ó mu ún tán pátápátá.

"Ìyá," ni Wòlíì wí jẹ́jẹ́, "omi ìyọ̀ǹda ni o."

"Mo mọ̀, Bàbá. Òùngbẹ ń gbẹ mí." Ó nu ẹnu. "Nígbà tí bàbá ọmọ yìí ń lọ, odidi ìkòkò ni mo dà síwájú rẹ̀. Mo ní kí ọ̀nà tù ú, kí ibi tó ń lọ tù ú. Àdúrà mi gbà jù. Ibẹ̀ tù ú débi pé kò rántí ilé mọ́. Mi ò ní ṣe irú àṣìṣe bẹ́ẹ̀ lẹ́ẹ̀kejì."

Ó wá kọjú sí ọmọ rẹ̀. "Ẹsẹ̀ gbígbẹ ni kí o fi lọ. Kí wọ́n gbà ọ́ tọwọ́tẹsẹ̀, ṣùgbọ́n kí ibẹ̀ má tù ọ́ jù. Omi rẹ wà nílé. Mo pọn ọ́n láàárọ̀ yìí. Ọjọ́ tí o bá dé ni n ó dà á."

"Ìyá, ọdún méjì!" ni Ràmọ́tà kígbe láti ẹnu ọ̀nà. "Omi yẹn á ti rà!"

"N ó máa pààrọ̀ rẹ̀."

Gbogbo ojú yí sí Wòlíì. Ó wo ife tó ṣófo, ó gbà á lọ́wọ́ ìyá náà, ó dojú rẹ̀ dé orí tábìlì.

"Òbí ti wá síwájú ìjọ," ni ó wí. "Ṣé a rán an?"

"A rán an!"

Rúùtù ti wà lórí ìkúnlẹ̀, omi ojú ò jẹ́ kó ríran. Àmọ̀kẹ́ ti ń wo inú ọkọ̀ ní tirẹ̀.

"Ta ló di gbogbo èlùbọ́ yìí fún un? Ẹ sọ mẹ́wàá kalẹ̀. Bí ó bá ń jẹ oúnjẹ ilé lójoojúmọ́, kí ni yóò mú kí àárò ilé máa sọ ọ́?" Ó fọwọ́ kan orí ọmọ rẹ̀. "Dìde, Àníkẹ́. Mọ́tò ń dúró dè ọ́."

Ó dìde, ó sì gba orí ilẹ̀ gbígbẹ lọ sídìí ọkọ̀.