E fo o

Ẹ má dá Ṣayọ̀ lẹ́bi. Nígbà tí àtẹ̀jíṣẹ́ Àǹtí Harriet wọlé sórí fóònù rẹ̀ pé "E jowo se e le ba wa tun ori efon se", ẹ̀fọn tó ń mu ẹ̀jẹ̀ èèyàn lóru ló kọ́kọ́ wá sí i lọ́kàn. Ta ló ń tún orí ẹ̀fọn ṣe? Eyín àtọwọ́dá ni iṣẹ́ Ṣayọ̀ ní Ajégúnlẹ̀, ogún ọdún ló ti fi ń ṣe é, kò sì tíì sẹ́ni tó gbé kòkòrò wá bá a. Ó pe Àǹtí Harriet padà, ìyẹn rẹ́rìn-ín títí. Ẹfọ̀n ni, ẹran igbó oníwo ńlá. Egungun orí rẹ̀ ni wọ́n kàn mọ́ pákó, tó sì ti wà lára ògiri pálọ̀ Bàbá Ọládòṣù, bàbá Àǹtí Harriet, ní Àpápá GRA láti bí ogójì ọdún. Ó já lulẹ̀, ó fọ́.

"Ìwọ náà lo ṣe eyín sí Dádì lẹ́nu," ni Àǹtí Harriet wí. "Ẹni tó mọ egungun ẹnu, ṣé egungun imú ló máa ṣòro fún un?"

Báyìí ni wọ́n ṣe ń kó iṣẹ́ oníṣẹ́ lé èèyàn lọ́wọ́. Ṣùgbọ́n Ṣayọ̀ fẹ́ràn Bàbá Ọládòṣù, kò lè sọ pé rárá.

Nígbà tó débẹ̀, bàbá wà lórí àga rẹ̀, ọ̀pá ìtilẹ̀ rẹ̀ wà láàárín orúnkún rẹ̀ méjèèjì. Akọ̀wé àgbà ni ní ilé iṣẹ́ ọkọ̀ òkun kan kó tó fẹ̀yìn tì, ẹni tó lọ́rọ̀ lẹ́nu dáadáa ni. Èṣí ni rọpárọsẹ̀ mú un lápá ọ̀tún, láti ìgbà náà ni ohùn rẹ̀ ti tẹ́jú: kò gòkè, kò sọ̀kalẹ̀. Ẹ̀yin náà ẹ wò ó, kí ló kù nínú Yorùbá tí kò bá ti sí ohùn? Ọwọ́ òsì ló fi ń kọ ohun tó bá fẹ́ sọ sínú ìwé pélébé kan, kò sì ráyè àmì orí lẹ́tà.

Ṣayọ̀ kúnlẹ̀ kí i. Bàbá fi ọ̀pá tọ́ka sí orí ẹfọ̀n tó wà nílẹ̀, ó kọ nǹkan sínú ìwé, ó ya á, ó nà án sí i. Ohun tó wà níbẹ̀ ni: E fo o.

"Ẹ fọ̀ ọ́," ni Àǹtí Harriet kà, kí Ṣayọ̀ tó lanu. "Dádì ní kó o kọ́kọ́ fọ̀ ọ́. Eruku ogójì ọdún kì í ṣe kékeré."

Bàbá gbá ọ̀pá mọ́lẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì.

"Ó ti ń kánjú nìyẹn. Ó máa pé ọgọ́rin ọdún ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta òní, mo sì fẹ́ kó ti padà sára ògiri ká tó bẹ̀rẹ̀ sí í gba àlejò."

Ṣayọ̀ ki ìwé náà bọ àpò, ó gbé orí ẹfọ̀n sẹ́yìn kẹ̀kẹ́ Márúwá, wọ́n ń yẹra fún tírélà ní Liverpool Road títí wọ́n fi dé ṣọ́ọ̀bù. Lucky, ọmọ Ùróbò tó ń jó irin mọ́ra wọn lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibẹ̀, wo ẹrù náà lókè wò ó nílẹ̀. "Madam, who come chop the meat?" ló béèrè.

Ká má parọ́, fífọ̀ rẹ̀ gba sùúrù. Wọn kì í se irú egungun bẹ́ẹ̀ lórí iná, torí omi híhó a máa sọ ọ́ di ẹfun. Omi lílọ́ wọ́ọ́rọ́ pẹ̀lú ọṣẹ ni Ṣayọ̀ rì í sí fún ọjọ́ mẹ́ta. Ó fi búrọ́ọ̀ṣì ìfọyín họ òkú aláǹtakùn kúrò nínú ihò imú, ó wá fi oògùn tó ń hó, èyí tí wọ́n fi ń fọ ojú egbò, pa á lára títí ó fi mọ́. Ó ku títò. Egungun imú nìkan, wẹ́wẹ́ mọ́kànlélọ́gbọ̀n ni.

Ibi tó ti ń tò ó ni ọ̀rọ̀ ti bẹ̀rẹ̀ sí í rú u lójú. Ohun tó bá já láti ara ògiri, ibì kan ló fi ń sọlẹ̀. Ṣùgbọ́n ojú àpá márùn-ún ni Ṣayọ̀ rí lára egungun yìí, róbótó róbótó bí ìdérí ìgò, gbogbo wọn láàárín ojú méjèèjì sí imú. Ẹnì kan ló gbá a. Ta ló máa ń na ẹran tó ti kú láti ogójì ọdún?

Lucky bá a níbẹ̀, ó mú ìwé bàbá lórí tábìlì, ó kà á. "E fo o. E don fly?" Ó tún un kà. "Àbí ẹ fọ́ ọ ni? Break am?" Ó rẹ́rìn-ín, ó bá tirẹ̀ lọ.

Ọwọ́ Ṣayọ̀ dúró sórí iṣẹ́. Ẹ gbọ́ ìdí rẹ̀. Bàbá tó bí i lọ́mọ, tó ń kó ẹrù ní Kirikiri Lighter Terminal, rọpárọsẹ̀ kan náà ló mú un. Lọ́jọ́ tó kú, "aya" ló ń wí ṣáá, pẹ̀lú ohùn tó tẹ́jú. Wọ́n ní aya rẹ̀ ló ń pè, wọ́n sáré lọ wá ìyá Ṣayọ̀ lọ́jà. Kí ìyẹn tó dé, ẹ̀pa ò bóró mọ́. Àyà rẹ̀ ló ń dùn ún. Ṣayọ̀ wà níbẹ̀, ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún ni, òun gan-an ni wọ́n rán sáré. Látọjọ́ náà ló ti búra pé òun kò tún ní ṣi ọ̀rọ̀ aláìsàn gbọ́ mọ́. Ó wá tún lọ gba ọ̀rọ̀ Bàbá Ọládòṣù lẹ́nu ẹlòmíràn.

Ó pe Àǹtí Harriet. "Àǹtí, ẹ má bínú, ṣé ó dá yín lójú pé fífọ̀ ni Dádì ń wí?"

"Ta ló máa ní kí wọ́n fọ́ ohun tó ti fọ́? Ṣayọ̀, iṣẹ́ ń dúró dè mí ní ọ́fíìsì."

Ìyẹn náà bọ́gbọ́n mu. Ó rò ó síwá, ó rò ó sẹ́yìn, ó kàn ń dàrú sí i ni. Nígbẹ̀yìn, ó pinnu láti tò ó: ohun tí a tún ṣe ṣì ṣeé fọ́, ṣùgbọ́n èyí tí a bá lọ̀ lúbúlúbú, ó parí nìyẹn. Ìyẹ̀fun àti oje tó fi ń mọ eyín àtọwọ́dá ló fi mú wẹ́wẹ́ náà pọ̀, ó fi sáńpépà họ ọ́ títí ó fi jọ̀lọ̀. Nígbà tó ṣe tán, ẹ ò ní mọ ibi tó ti fọ́.

Ọjọ́ tó ṣáájú ọjọ́ ìbí náà ló gbé e lọ, lọ́sàn-án gangan. Àǹtí Harriet ṣí aṣọ lójú rẹ̀, ó pàtẹ́wọ́. Bàbá Ọládòṣù kọjú sí fèrèsé. Ojú Ṣayọ̀ wá bọ́ sí ìdí ọ̀pá rẹ̀: rọ́bà ibẹ̀ ti jẹ tán, òrùka irin ló kù, róbótó bí ìdérí ìgò. Bí àpá márùn-ún yẹn ṣe rí gan-an nìyẹn.

Ẹni tó béèrè ọ̀nà kì í ṣìnà. Ó kúnlẹ̀, ó tẹ́ ìwé ọjọ́sí sórí itan bàbá, ó fi bírò sí i lọ́wọ́ òsì. "Dádì, ẹ ṣàánú mi, ẹ bá mi fi àmì sórí 'fo' yìí. Mi ò lè dá a kà."

"Ṣayọ̀, kí lò ń ṣe?" ni Àǹtí Harriet wí.

Bàbá gbé ẹnu bírò lé òkè lẹ́tà náà, ó yẹ̀, ó tún un gbé. Ṣayọ̀ tẹjú mọ́ ọn, ìbẹ̀rù bá a. Apá òsì, nísàlẹ̀, ni bírò ti gbéra, ó ń gòkè lọ sápá ọ̀tún díẹ̀díẹ̀, títí ó fi dúró. Fọ́ ni.

Bàbá ò gbé bírò kalẹ̀. Ó kọ ọ́ sí abẹ́ rẹ̀: O pa Gregory. Emi ni mo mu un lo sode.

"Odò ni wọ́n ní ó gbé Uncle Gregory, àbúrò yín, lọ," ni Àǹtí Harriet wí. Bàbá mi orí pé irọ́ ni. Ó tún kọ̀wé, ó pẹ́ gan-an kó tó parí rẹ̀: Mo gbe e ko ki oju maa ti mi. O to.

Àǹtí Harriet mú ìwé náà. Lọ́tẹ̀ yìí, kò kánjú kà á. "Ó tó," ló wí jẹ́jẹ́, ó wá wo ojú bàbá rẹ̀. "Ṣé ó tó ni, Dádì?"

Bàbá fi orí dáhùn pé bẹ́ẹ̀ ni.

Ṣayọ̀ gbé orí ẹfọ̀n sílẹ̀ níwájú ẹsẹ̀ rẹ̀, ó bá a di ìgúnpá òsì mú. Bàbá gbé ọ̀pá sókè, ó sọ ọ́ kalẹ̀. Egungun náà kàn dún kò ni. Ó tún un sọ. Iṣẹ́ Ṣayọ̀ ti dára jù, ojú sì tì í. Omijé ti ń bọ́ lójú bàbá, apá rẹ̀ ń wálẹ̀.

Àǹtí Harriet bọ́ bàtà ọ́fíìsì rẹ̀, ó wá dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ àga, ó gbé ọwọ́ lé ọwọ́ bàbá rẹ̀ lórí ọ̀pá. Àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta jọ gbé e sókè. Ó fọ́.