Ẹrẹ̀ Tó Kọ̀ Láti Yọ̀

Láti ọjọ́ tí wọ́n ti da ẹrẹ̀ sínú àpótí gíláàsì, ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ wọ bàtà wọ yàrá ìwádìí Ìyá Ẹrẹ̀. Ẹsẹ̀ lásán ni wọ́n ń fi yọ́ rìn bí olè, kí ẹrẹ̀ lè fara balẹ̀ lábẹ́ omi. Onímọ̀ nípa ilẹ̀ abẹ́ òkun ni obìnrin náà, òun ló sì fi orí ara rẹ̀ ru ẹrẹ̀ yẹn láti etíkun, nítorí awakọ̀ kọ̀, kò gbé e.

"Ìyàwó wa," ni àbúrò ọkọ rẹ̀, wẹ́dà tó jó férémù irin àpótí náà, sọ wúyẹ́wúyẹ́, "ṣé mo lè húkọ́?"

"Ọkọ mi kékeré, ìta ni kí o ti lọ hú u!"

Ìsàlẹ̀ àpótí náà dà gẹ̀rẹ́ bí ilẹ̀ abẹ́ òkun, ẹrẹ̀ wà lápá òkè. Wáyà tín-ínrín kan wà nísàlẹ̀ pátápátá, ó ń tan gílóòbù. Ìyá Ẹrẹ̀ ní tí ilẹ̀ bá mì, ẹrẹ̀ abẹ́ òkun máa ń ya, á sáré, á já wáyà tẹlifóònù tó wà lọ́nà rẹ̀. Ọ̀gá àgbà ilé ìwádìí náà ní àlá ni. Tí gílóòbù kò bá kú lónìí, wọn yóò gbé àpótí jáde, wọn yóò sì kó àga sínú yàrá náà.

Wọ́n tan ẹ̀rọ tó ń mi àpótí bí ìgbà tí ilẹ̀ bá mì. Tábìlì mì gìrìgìrì, omi ta sí wẹ́dà lójú. Wọ́n pa ẹ̀rọ. Ẹrẹ̀ jókòó gbọin.

"Màdáámù, ẹrẹ̀ yín ń sùn," ni ọ̀gá àgbà wí. Ó lọ sẹ́nu ọ̀nà lọ wọ bàtà rẹ̀. Bàtà tuntun, ó fún pinpin. Ó di férémù ilẹ̀kùn mú, ó ń jan gìgísẹ̀ mọ́lẹ̀: gbì! gbì! gbì!

"Yéè! Ìyàwó wa, wò ó!"

Ẹrẹ̀ ti sán lókè. Ó yọ̀ gẹ̀rẹ̀rẹ̀, ó di kùrukùru, ó ń fàyà wọ́lẹ̀ sáré bọ̀. Gílóòbù kú.

Ìyá Ẹrẹ̀ fò sókè, wẹ́dà dì mọ́ ọn, àwọn méjèèjì ń pariwo bí ọmọdé.

Ọ̀gá àgbà dúró pẹ̀lú bàtà ẹsẹ̀ kan. "Ṣé èmi ni mo ṣe é?"

"Ẹ̀rọ ló ti tú u, sà!" ni Ìyá Ẹrẹ̀ dáhùn. "Ó kàn ń wá ẹni tó máa tì í ni. Bó ṣe ń rí lókun náà nìyẹn: ilẹ̀ á ti mì tán, àwọn èèyàn á ti máa kíra wọn kú ewu, ẹrẹ̀ á wá ṣẹ̀ṣẹ̀ gbéra."

Ọ̀gá àgbà wo gílóòbù, ó wo ẹsẹ̀ rẹ̀. Ẹ̀rín bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n ọ́n níkùn. Ó bọ́ bàtà náà.

"Ẹ wá ibòmíì kó àga sí. Ẹ so wáyà mìíràn." Ó na bàtà sí wẹ́dà. "Èyí ni a ó sì tún lò o!"