Òdòdó Lórí Ihò Ọta

Simone Delapenha, oníṣẹ́ ọnà kan, fi ìlẹ̀kẹ̀ àti òdòdó rọ́bà bo ihò ọta tó wà lẹ́yìn ṣẹ́ẹ̀tì òkú, ó gbé e kọ́ sára ògiri, ó sì ní òun ń jà fún olóògbé.

Icilda ló bí olóògbé náà. Orane ni wọ́n ń pè é. Ọlọ́pàá yìnbọn pa á lẹ́nu géètì wọn ní ìsàlẹ̀ Kingston, wọ́n ní ó dojú ìbọn kọ àwọn. Irọ́ gbuu. Ó ń sá wọlé ni. Dókítà tó yẹ òkú wò kọ pé ọta gba ara rẹ̀ kọjá, kò kọ ibi tó gbà wọlé. Àfi bí ẹni pé tàdáwà rẹ̀ tán. Ṣẹ́ẹ̀tì tí nọ́ọ̀sì bọ́ lára rẹ̀ nìkan ló kù tó lè jẹ́rìí. Ihò ẹ̀yìn kéré, ti iwájú fẹ̀: ẹ̀yìn ni ọta gbà wọlé. Agbẹjọ́rò ní kí Icilda má fọ̀ ọ́, kó fi pa mọ́ títí ilé-ẹjọ́ yóò fi jókòó.

Ṣùgbọ́n ní alẹ́ kẹsàn-án lẹ́yìn ikú rẹ̀, tí wọ́n fi ń sin ẹ̀mí òkú jáde kúrò nílé, Merlene, aládùúgbò rẹ̀, pariwo.

“Màmá Orane, ṣé aṣọ yẹn ṣì wà nílé?”

“Ó wà lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì.”

“Yéè! Ẹ yí bẹ́ẹ̀dì padà, ẹ gbé kọ́bọ́ọ̀dù kúrò láyè rẹ̀ kí òkú má baà dá yàrá mọ̀, ẹ wá fi aṣọ rẹ̀ dè é! Ó máa padà wá mú un ni. Ẹ ò rántí pé Shanoya ń sùn níbẹ̀?”

Shanoya ni ọmọ tí Orane fi sílẹ̀, kò tíì lè bu omi mu. Ìbẹ̀rù mú Icilda.

Simone wà níjókòó, ó ń jẹ ẹja díndín wọn. Orí òkè, níbi tí àwọn olówó ń gbé, ló ti máa ń wá ya fọ́tò ilé àwọn tí wọ́n pa.

“Màmá, ẹ jẹ́ kí n bá yín tọ́jú ẹ̀. Ilé mi jìnnà, kò ní mọ̀nà.”

“Tó bá tiẹ̀ mọ̀nà,” ọkùnrin kan tó ń ta ayò dómínò ní, “ṣé wọ́n á ṣí géètì fún òkú ìsàlẹ̀?”

Gbogbo wọn rẹ́rìn-ín. Icilda gbé aṣọ náà fún un. “Má fọ̀ ọ́ o.”

“Mo ti gbọ́, Màmá.”

Kò gbọ́ nǹkan kan. Irú wọn kì í gbọ́. Ẹnu wọn ló máa ń kún.

Nígbà tó yá, Simone rán mọ́tò wá gbé Icilda lọ wo iṣẹ́ ọnà òun. Àwọn èèyàn di ife wáìnì mú, wọ́n ń mi orí bí àgbò. Ṣẹ́ẹ̀tì Orane wà láàárín ògiri, ó mọ́, ó funfun, wọ́n ti fi sítáàṣì sí i. Wọ́n ti gé iwájú rẹ̀ tòun ti ihò rẹ̀ ṣe ewé òdòdó. Òdòdó pupa kan dúró lórí ihò ẹ̀yìn, gúlúù ti gan mọ́ ọn.

“Kí ni mo sọ fún ẹ?”

“Màmá, wọn ò ní lè wo aṣọ ẹlẹ́jẹ̀. Mo fẹ́ kí ayé rí Orane ni. Kí ọgbẹ́ rẹ̀ lè sọ̀rọ̀.”

“Ta ló ní ayé ò rí i? Ẹni tó yìnbọn rí i dáadáa. Ihò yẹn ti ń sọ̀rọ̀, ìwọ lo dí i lẹ́nu.”

Simone sunkún. Àwọn kan ya fọ́tò ẹkún náà.

Nílé-ẹjọ́, nígbà tí agbẹjọ́rò ṣí òdòdó náà, aṣọ bá a ya. Adájọ́ gbé àkísà náà sókè.

“Kí ni kí n wò lára èyí?”

Ọlọ́pàá tó yìnbọn fi ọwọ́ bo ẹ̀rín. Ọ̀rọ̀ tirẹ̀ ni wọ́n gbà.

Simone tún ṣe ṣẹ́ẹ̀tì mìíràn, ó dá ihò sí i fúnra rẹ̀, wọ́n sì yìn ín.

Shanoya ti ń lọ sílé-ìwé báyìí. Ọmọ agbébọn ni wọ́n ń pè é níbẹ̀, Icilda kò sì ní ohun tó lè fi hàn wọ́n pé irọ́ ni.