Agolo Èédú Sàlíhù Alágbàfọ̀

Oṣù kẹwàá ọdún 1957 ni, nígbà tí àwọn ará Rọ́ṣíà ju òṣùpá àtọwọ́dá sókè, tí ẹnu ò sinmi mọ́ ní gbogbo Mushin. Ilé iṣẹ́ asọ̀rọ̀mágbèsì kan ń wá ẹni tí yóò máa ka ìròyìn ní Yorùbá. Ìdánwò kan péré ni: kí èèyàn ṣàlàyé bí nǹkan ọ̀hún ṣe ń yí ayé po láìwá sílẹ̀, àti bí ọmọ ènìyàn yóò ṣe wọ inú irú rẹ̀ lọ lọ́jọ́ kan. Ọkùnrin mẹ́rin ti dán an wò, òfo ni wọ́n mú bọ̀. Ọ̀la ló kan Ìdíátù, kò sì sí ohun tó tún ń fẹ́ láyé lẹ́yìn iṣẹ́ náà.

Ó ka ohun tó kọ sétí bàbá rẹ̀, Sàlíhù alágbàfọ̀, nínú ṣọ́ọ̀bù rẹ̀.

“O ní ó ń fò,” ni Sàlíhù wí. “Ìyẹ́ rẹ̀ dà?”

“Kò ní ìyẹ́, Bàbá.”

“Atẹ́gùn ńkọ́?”

“Wọ́n ní kò sí atẹ́gùn lọ́hùn-ún.”

“Kí ló wá fi ń fò? Irọ́ lo fẹ́ lọ pa fún gbogbo Èkó yẹn.”

Inú bí Ìdíátù, nítorí òótọ́ korò. Sàlíhù ò tilẹ̀ wojú rẹ̀. Ó kó èédú sínú agolo tó fi ìṣó dá lu, ó ṣáná sí i, ó di wáyà tó so mọ́ ọn mú, ó sì ń fì í láti ẹsẹ̀ dé òkè orí, kí iná lè ràn dáadáa kó tó dà á sínú áyọ́ọ̀nù. Agolo ń dojú dé lókè, ẹ̀yinná kan ò já bọ́. Láti kékeré ni Ìdíátù ti ń wò ó. Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ yẹn ló ṣẹ̀ṣẹ̀ rí i.

“Bàbá, ẹ yá mi ní agolo yẹn lọ́la.”

Lọ́jọ́ kejì, ó kó èédú tútù sínú agolo, ó sì fì í yí po níwájú Ọ̀gbẹ́ni Oyèníran, ọ̀gá oníròyìn. Agbádá funfun gbòò ni ọkùnrin náà wọ̀. Ó sún àga rẹ̀ sẹ́yìn kíá, ṣùgbọ́n èédú kankan ò ta sí i lára.

“Ó dára,” ló wí. “Ṣùgbọ́n inú asọ̀rọ̀mágbèsì, ta ni yóò rí agolo rẹ?”

Ìdíátù gbé agolo sílẹ̀, ó dijú, bàbá rẹ̀ ló rí.

“Ẹ̀yin ará ilé, ẹ rántí alágbàfọ̀ yín, bó ṣe ń fi agolo èédú yí po. Wáyà ń fà á mọ́ra, eré tó ń sá ni kò jẹ́ kí èédú dà sílẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni ayé ṣe di òṣùpá tuntun yìí mú, láìsí wáyà tí ojú lè rí. Kì í fò. Jíjábọ́ ló ń já bọ́, àsápajúdé tó ń sá ni kò jẹ́ kó balẹ̀. Ẹni tó bá máa wọ irú rẹ̀ yóò di atẹ́gùn tí yóò mí lẹ́rù, bí arìnrìn-àjò ṣe ń di oúnjẹ. Yóò máa léfòó nínú yàrá rẹ̀, kò ní mọ òkè yàtọ̀ sí ìsàlẹ̀. Èyí tó le jù ni bí yóò ṣe padà wálé láìjóná.”

Oyèníran sún àga rẹ̀ padà síwájú. “Aago mẹ́rin òní,” ló wí, “bó o ṣe sọ ọ́ yẹn gan-an ni kó o tún un sọ fún gbogbo Èkó.”

Nígbà tó ka ìròyìn tán, inú Ìdíátù ń dùn débi pé kò mọ ìgbà tó dé Mushin. Ó bá Sàlíhù ní ìdúró níwájú asọ̀rọ̀mágbèsì tó wà lára ògiri, bẹ́ẹ̀ ìròyìn ti tán tipẹ́. Ṣẹ́ẹ̀tì funfun kan wà lórí tábìlì, áyọ́ọ̀nù ti jó o lu lẹ́yìn.

“Ta ló ni ṣẹ́ẹ̀tì yìí, Bàbá?”

“Tíṣà Jethro ni.” Sàlíhù ń rẹ́rìn-ín, omi ń dà lójú rẹ̀. “Ọdún mọ́kànlélógún tí mo ti ń lọ aṣọ, n ò jó ọ̀kan rí. Ìgbà tí o ní kí wọ́n rántí alágbàfọ̀ wọn ni mo gbàgbé áyọ́ọ̀nù.”